Òbúkọ tí Bàbá Àgbà Gbé Ẹ̀ṣẹ̀ Lé Lórí

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo yà ní ọjà Agége láti bèèrè iye òbúkọ. Ọmọkùnrin tó ń tà á wo irun funfun orí mi, ó wo bàtà mi, ó wá dárúkọ iye kan tí mo ní kó tún sọ. Nígbà tó tún un sọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rọra fọwọ́ pa òbúkọ náà lórí bí ẹni tó ń kí olówó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Agége, ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, owó yẹn ì bá ra ilẹ̀, ì bá kọ́ ilé sórí ilẹ̀ náà, ì bá sì tún ṣẹ́kù èyí tí a ó fi se ìrẹsì ìṣílé. Búrẹ́dì tí a ń fi tọ́rọ́ rà nígbà náà máa ń yí gbogbo ilé ká. Èyí tí mo rà lánàá, èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́, ebi sì tún ń pa mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kúrò níwájú òbúkọ náà, kì í ṣe oúnjẹ ni mo ń rò. Bàbá Àgbà ni mo ń rò. Ká ní wọ́n ṣì wà láyé lónìí ni, apá wọn kò ní ká ẹ̀ṣẹ̀ wọn mọ́. Òbúkọ ti wọ́n jù.

Èlíjà ni orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n nígbà ìrìbọmi. Àwọn ni bàbá tó bí ìyá mi. Ìlẹ́ṣà ni wọ́n ti wá, gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n, wọ́n sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà kékeré kan lẹ́bàá ojú irin ní Agége. Nígbà tí bàbá mi kú, ọ̀dọ̀ wọn ni ìyá mi, Àdùkẹ́, gbé mi wá, ibẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, pẹ́ńsùlù kan kì í sì í kúrò létí wọn. Wọ́n á wọ sùtánà funfun, wọ́n á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gba ọ̀já pupa mọ́ ìbàdí, pẹ́ńsùlù á ṣì wà létí. Bàbá Ìjọ, ìyẹn olórí ìjọ wa, bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n fẹ́ fi pẹ́ńsùlù ṣe níwájú Ọlọ́run.

Bàbá Àgbà ní, "Ṣebí ilé pọ̀ lọ́run. Ilé wo ni kò ní ilẹ̀kùn?"

Ohun tí wọn kò lè fara dà láyé ni ọ̀fẹ́. Bí aládùúgbò bá fún wọn ní àgbàdo sísun, wọn kò ní tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí wọ́n á fi dìde lọ wo àga tó ń mì nílé onítọ̀hún. Ìyá kan gbé àkàrà fún wọn nígbà kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá Àgbà ti kan ilẹ̀kùn tuntun sí ṣáláńgá obìnrin náà. Ìyẹn rò pé inúure ni, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá kí wọn. Bàbá Àgbà kan àpótí ìjókòó fún un. Obìnrin náà gbé adìẹ wá. Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wọn fèrèsé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé ọkọ obìnrin náà wá, ó ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tó wà láàárín àwọn àti ìyàwó òun.

Bàbá Àgbà dá a lóhùn pé, "Àkàrà ni."

Ẹ lè wá rí i pé ọ̀rọ̀ ìgbàlà kò lè rọrùn fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìjọ kúrú, ṣùgbọ́n ohùn wọn tó ti ènìyàn méjì. Wọ́n máa ń wàásù pé gbogbo màlúù àti àgùntàn tí àwọn ará ìgbàanì fi rúbọ, òjìji lásán ni. Pé nígbà tí Jésù fi ara rẹ̀ rúbọ, ó jẹ ìyà tó tọ́ sí wa tán, kò ṣẹ́ ìyókù sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Pé kí ẹlẹ́ṣẹ̀ kàn la ọwọ́ kó gbà á. Gbogbo ìjọ á ṣe àmín. Bàbá Àgbà á na ìka sókè láàárín ìwàásù.

"Bàbá Ìjọ, ṣé kò sí nǹkan tí ẹlẹ́ṣẹ̀ á mú dání wá?"

"Kò sí, Alàgbà. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ẹyẹlé kékeré ńkọ́?"

"Alàgbà, ẹ jókòó."

Wọ́n á jókòó, ṣùgbọ́n wọ́n á máa mi orí. Bí a bá délé, wọ́n á sọ fún Ìyá Àgbà pé, "Ó lè jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Jerúsálẹ́mù. Ní Agége níbí, n kò tíì rí ọ̀fẹ́ tí kò nídìí."

Nítorí náà ààwẹ̀ ni wọ́n fi ń sanwó. Kò sí ẹni tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń gbààwẹ̀ lé lórí. Ìwà mímọ́ la pè é. Ṣùgbọ́n ebi kò bá Bàbá Àgbà lára mu. Bí wọ́n bá ti gbààwẹ̀, a kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, a kò gbọdọ̀ fa ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹni tó bá ń jẹun gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí wọn, kí ó má sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bú Ìyá Àgbà torí pé òórùn ẹja tí wọ́n ń dín ń ta sánsán. Ìyá Àgbà sọ àwo epo kalẹ̀.

"Bàbá Àdùkẹ́," ni Ìyá Àgbà wí, "ẹ̀yin lẹ dẹ́ṣẹ̀, àwa là ń jìyà rẹ̀. Bó bá jẹ́ bí Jésù ṣe ṣe é nìyẹn, a jẹ́ pé gbogbo wa nílé yìí la ti di olùgbàlà yín."

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ Bàbá Ràfátù báyìí, torí láìsí wọn, kò sí ìtàn. Sùnmọ́nù lorúkọ wọn, Ràfátù ni ọmọ wọn, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wọ́n, gbẹ́nàgbẹ́nà ni àwọn náà. Ilé wọn àti tiwa jọ ń fa omi nínú kànga kan náà. Bàbá Àgbà máa ń pè wọ́n ní Oníkẹ́tùlù, nítorí kẹ́tùlù àlùwàlá tí kì í jìnnà sí wọn. Àwọn náà máa ń pe Bàbá Àgbà ní Aláṣọ-Òkú, nítorí sùtánà funfun. Bí ẹnì kan bá gbọ́ wọn lẹ́bàá kànga lówùúrọ̀, á rò pé ìjà ni. Ọdọọdún, bí Iléyá bá dé, odidi itan àgbò kan máa ń ti ilé wọn wá sí ilé wa. Bí Kérésìmesì bá dé, ìrẹsì àti adìẹ máa ń ti ilé wa lọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo Agége ló mọ àṣà yìí, wọ́n sì mọ èkejì rẹ̀ pẹ̀lú: àwo tó gbé oúnjẹ wá kì í padà lófìfo. Bí kò bá tiẹ̀ sí nǹkan, ènìyàn á fi ọsàn tàbí iyọ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀.

Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tí wọ́n ti ń kan àpótí onípákó tí wọ́n ń di ọjà sí. Ní ọdún tí ìyá mi gbé mi dé Agége, iná jó yàrá tí wọ́n ń kó pákó sí níbẹ̀. Ẹnì kan ló gbé ìkòkò gúlúù tí wọ́n fi ń lẹ pákó ka orí ẹ̀yinná, tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Bàbá Ràfátù ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà, torí náà àwọn ni fóòmánù òyìnbó lé. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n gbé tábìlì iṣẹ́ wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, wọ́n ń kan àpótí ìjókòó, wọ́n ń tún àga ṣe.

Itan àgbò kò dáwọ́ dúró. Ọdún yẹn gan-an, ó tún dé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn lọ, bí a bá ti gbé e síwájú Bàbá Àgbà, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Eyín tí wọ́n fi ń pa èkùrọ́. Wọ́n á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, wọ́n á wọlé lọ, àwa yòókù á jẹ ẹran náà tán pẹ̀lú ìbànújẹ́ díẹ̀. Bàbá Ràfátù á ránṣẹ́ pé, "Ẹ kí i o. Ẹ ní kó fi omi iyọ̀ yọnu."

Ìgbà òjò kan ni Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé Léfítíkù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá òbúkọ ìgbàanì pàdé, èyí tí àlùfáà máa ń gbé ọwọ́ méjèèjì lé lórí, tí á jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ènìyàn lé e, tí wọ́n á wá lé e lọ sí aginjù kó máa ru ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Inú wọn dùn bí ẹni tó rí irinṣẹ́ tó ti sọnù. Ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe rèé. Ìṣòro kan ló wà: òbúkọ kan ṣoṣo tó wà nílé, ti Ìyá Àgbà ni. Dúdú ni, ìwo rẹ̀ kan ti kán, Jagun lorúkọ rẹ̀. Bí Bàbá Àgbà bá sì tọrọ rẹ̀, wọ́n á ní láti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọn kò tọrọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ ìtàn náà fún wa lẹ́yìn náà, wọ́n ní nígbà tí àwọn ń ka ẹ̀ṣẹ̀ lé Jagun lórí, àwọn rántí fi jíjí tí àwọn jí Jagun kún un.

Wàhálà kejì ni aginjù. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń pa igbó Ìkẹjà rẹ́ láti kọ́ iléeṣẹ́. Gbogbo ibi tí Bàbá Àgbà fa òbúkọ dé, wọ́n á bá ẹni tó ń fi okùn wọn ilẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ra ilẹ̀ ni. Ẹ̀yìn pápá ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti rí igbó díẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n tú okùn, wọ́n nà án ní pàṣán kan, ó sì sá wọ igbó. Bàbá Àgbà kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ń kọrin bọ̀ wálé jẹ́jẹ́. Òjò dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n délé, Jagun wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dùbúlẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, ara rẹ̀ gbẹ.

Mo wà níbẹ̀. Bàbá Àgbà jókòó sórí àpáta tó wà lójúde, wọ́n wo òbúkọ náà títí, wọ́n wá sọ nǹkan kan tí kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ mi ti ṣáájú mi délé."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún gbìyànjú. Wọ́n gé díẹ̀ lára ọ̀já pupa tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n so ó mọ́ Jagun lọ́rùn kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé ti Ọlọ́run ni, wọ́n sì bá ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé e lọ sí ọ̀nà Ọ̀tà. Ọjọ́ mélòó kan kọjá, a kò rí Jagun. Bàbá Àgbà wá di ẹni ọ̀tun. Wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń jẹun, wọ́n fi eyín fọ́ eegun. Ìyá Àgbà ní tiwọn ń sunkún òbúkọ. Wọ́n ní kí Bàbá Àgbà gbàdúrà kó padà wá. Bàbá Àgbà kò lè purọ́ fún Ọlọ́run, torí náà wọ́n gbàdúrà pé, "Olúwa, jẹ́ kí ó máa wà níbi tó wà." Ìyá Àgbà ṣe àmín.

Àárọ̀ Sátidé kan ni Ìyá Àgbà ń lọ sọ́jà, wọ́n rí Jagun. Ó wà ní síso mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì iṣẹ́ Bàbá Ràfátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó ń jẹ èèpo iṣu. Igbe tí Ìyá Àgbà ké kó èrò jọ, ó sì kó ọlọ́pàá kan tó ń kọjá lọ mọ́ wọn. Bàbá Ràfátù ṣàlàyé pé àárọ̀ yẹn ni àwọn rí i tó ń rìn lórí irin, pé àwọn so ó kí ọkọ̀ ojú irin má bàa pa á, àti pé bí àwọn bá ṣíwọ́, àwọn á fà á délé fún ẹni tó ni ín. Ẹnì kan nínú èrò ní ẹni tó jó yàrá òyìnbó, kí ni kò lè ṣe? Ọ̀rọ̀ náà ràn. Nígbà tí àwa ará ilé sáré débẹ̀, tí Bàbá Àgbà ṣáájú, ọlọ́pàá ti ní kí Bàbá Ràfátù máa bọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Bàbá Ràfátù mú nǹkan kan lọ́wọ́. Àkísà pupa tó wà lọ́rùn òbúkọ ni. Wọ́n wò ó, wọ́n wo Bàbá Àgbà, wọ́n wá rọra ti àkísà náà bọ àpò. Wọ́n sọ fún ọlọ́pàá pé, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Bàbá Àgbà yọ pẹ́ńsùlù kúrò létí. N kò rí i kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo mú òbúkọ náà lọ."

Ìyá Àgbà yíjú sí wọn. "Ẹ mú un lọ síbo?"

"Aginjù."

"Aginjù wo, Bàbá Àdùkẹ́?"

"Ọ̀nà Ọ̀tà."

Èrò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú nígbà tí Bàbá Àgbà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, torí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sọ: ìkòkò gúlúù, ẹ̀yinná, bí fóòmánù ṣe bèèrè tí àwọn dákẹ́, bí wọ́n ṣe lé ọ̀rẹ́ àwọn tí àwọn sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, bí Bàbá Ìjọ bá ti ń wàásù ẹni tí kò ṣẹ̀ tó jìyà fún ẹni tó ṣẹ̀, ojú Sùnmọ́nù ni àwọn ń rí. Wọ́n wá sọ fún ọlọ́pàá pé, "Ẹnì kan ti jìyà fún mi lórí igi àgbélébùú. Ẹnì kan tó. N kò lè ní méjì."

Gbogbo wa ń wo ẹnu Bàbá Ràfátù, bóyá wọ́n á ṣépè ni, bóyá wọ́n á mú òòlù.

"Mo mọ̀," ni Bàbá Ràfátù wí.

"O mọ kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ gúlúù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, o wá pọnmi ní kànga, apá aṣọ rẹ ti jó. Ta ni kò ní mọ̀?"

Bàbá Àgbà di apá aṣọ ara wọn mú. "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Àdùkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ dé láti ilé ọkọ tó kú. Ẹnu tó wà nílé rẹ pọ̀ ju tèmi lọ. Mo ní kí n jẹ ìyà náà fún ọ." Bàbá Ràfátù tú okùn Jagun, wọ́n na okùn náà sí Bàbá Àgbà. "Mo ti ń retí pé wàá sọ fún mi lọ́jọ́ kan. Àṣé òbúkọ lò ń sọ fún, Èlíjà."

Èmi ni ọmọ tí wọ́n gbé dé yẹn. Ọlọ́pàá ronú díẹ̀ nípa ẹ̀sùn tí wọ́n lè fi kan ọkùnrin tó jí òbúkọ ìyàwó rẹ̀ nítorí Ọlọ́run, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé ó tán. Ọjọ́ Ajé, Bàbá Àgbà lọ sí iléeṣẹ́ láti lọ gba ìyà wọn. Fóòmánù tó lé Bàbá Ràfátù ti padà sílùú rẹ̀ tipẹ́. Èyí tuntun gbọ́ gbogbo àlàyé láti ẹnu akọ̀wé, ó bi wọ́n pé iná wo, ó ní àpótí pọ̀ nílẹ̀, kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Àgbà bẹ̀ ẹ́ pé kó lé àwọn. Ó kọ̀. Wọ́n ní kí Bàbá Ràfátù wá gba iṣẹ́ náà. Àwọn náà kọ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lu agogo lé àwọn lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Bàbá Àgbà gbé àkàbà lọ láti tún òrùlé Bàbá Ràfátù ṣe. Bàbá Ràfátù gbé àkàbà náà pamọ́. Gbogbo ọ̀nà ìsanpadà ló dí. N kò rí ènìyàn tí ìdáríjì dà láàmú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ti Jagun, Ìyá Àgbà ò mọ̀ bóyá ẹran tó ti ru ẹ̀ṣẹ̀ ṣe é jẹ. Bàbá Ìjọ ní kí wọ́n mú un wá kí àwọn alàgbà lè gbàdúrà sí i. Àwọn alàgbà gbàdúrà sí i pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà. Bàbá Ìjọ ránṣẹ́ padà pé àwọn wá ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀ títí, eegun nìkan ni àwọn rí.

Ní yunifásítì, lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, olùkọ́ kan ń ṣàlàyé oríṣiríṣi èrò tí àwọn ọ̀mọ̀wé ní nípa ètùtù, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n sọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní òbúkọ kan ni mo rántí. Ó kọ nǹkan kan síwájú orúkọ mi, n kò sì bèèrè ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó yẹ kí n fún un ni ohun tí mo rí ní Iléyá ọdún Jagun.

Itan àgbò dé bó ṣe máa ń dé. A gbé e síwájú Bàbá Àgbà, a sì ń retí kí eyín máa dùn wọ́n. Wọ́n fọwọ́. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ ẹ́ dé eegun, ọ̀rá ń ṣàn ní àgbọ̀n wọn. Nígbà tí ó tán, wọ́n wo àwo òfìfo náà, ọwọ́ wọn lọ sí etí, wọ́n yọ pẹ́ńsùlù, wọ́n dìde, wọ́n kọjú sí àpótí irinṣẹ́.

Ìyá Àgbà kàn pè wọ́n. "Bàbá Àdùkẹ́."

Wọ́n dúró síbẹ̀. Wọ́n padà wá jókòó, wọ́n sì fi pẹ́ńsùlù padà sétí. Mo ti rí i tí wọ́n gbé ìtì igi, mo ti rí i tí wọ́n gbààwẹ̀ títí ojú wọn fi jìn. Kò sí èyí tó le tó ìjókòó yẹn. Wọ́n sọ fún ìyá mi pé, "Bá mi fọ àwo yìí, kí o dá a padà. Sọ pé mo dúpẹ́. Má fi nǹkan kan sínú rẹ̀."

Ojú oorun ni Bàbá Àgbà gbà lọ, lẹ́yìn tí mo ti di ọ̀dọ́mọkùnrin. Bàbá Ràfátù ló kan pósí, wọn kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní inú àwọn dùn pé lọ́tẹ̀ yìí, Èlíjà kò ní lè dìde wá tún òrùlé àwọn ṣe. Ìyá Àgbà ló fi pẹ́ńsùlù sétí ọkọ wọn kí wọ́n tó fi ìdérí dé pósí náà.

Ìyá Àgbà ti lọ báyìí. Bàbá Ràfátù ti lọ. Ìyá mi ti lọ, Bàbá Ìjọ lọ pẹ̀lú ohùn ńlá wọn, iléeṣẹ́ àpótí kò sí mọ́, ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ló wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin lọ́jọ́ náà tí mo mọ̀, ó ku èmi, ó ku Ràfátù, tí orúnkún kò jẹ́ kó rìn dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Ó ń rán ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ iye tí àgbò jẹ́ nísinsin yìí, mi ò ní sọ ọ́ kí ẹ̀rù má bàa bà yín. Síbẹ̀ ní Iléyá tó kọjá, itan náà dé, ó gbóná, wọ́n fi ọ̀rá bò ó. Mo jẹ ẹ́ dé ibi tí eyín mi tó kù gbà mí dé. Mo fọ àwo náà, mo nù ún gbẹ, mo sì dá a padà lófìfo.